Ìyípadà rìfọ́fà ẹlẹ́tù sí oníkátíríìjì

Ìyípadà rìfọ́fà ẹlẹ́tù sí oníkátíríìjì jẹ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn nínú èyí tí a ti ń pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà kan lára ìbọn ìléwọ́ tí a ń kì láti iwájú, kí ó lè máa yin kátíríìjì tí a ń kì láti ẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1868 sí ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1873. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, ó tún sọjí lára àwọn ìbọn ẹ̀dà, èyíinì ni àwọn ìbọn tuntun tí a ṣe ní àfarajọ ti àtijọ́. Ohun tí a mọ iṣẹ́ náà mọ́ jù lọ ni pé ẹ̀yà tuntun kì í sábà bá ara ìbọn mu bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Ọwọ́ àti fáìlì ni a fi ń mú un bá ìbọn kọ̀ọ̀kan mu.

Bí rìfọ́fà ẹlẹ́tù ṣe ń ṣiṣẹ́

Rìfọ́fà jẹ́ ìbọn ìléwọ́ tí ó ní àgbá kékeré kan tí ń yí po lẹ́yìn ọ̀pá ìbọn. Ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà ni ó sábà máa ń wà nínú àgbá náà, ọta kan sì ni ihò kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí ayìnbọn bá ti fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, àgbá á yí, ihò tí ó kàn á sì bọ́ sí ìdojúkọ ọ̀pá. Samuel Colt, ọmọ ìpínlẹ̀ Connecticut, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ olùhùmọ̀ lórí irú ìbọn yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1836. Lára àwọn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tí ó lókìkí jù ni ti ọdún 1851, tí wọ́n pè ní Navy, àti ti ọdún 1860, tí wọ́n pè ní Army. Ilé iṣẹ́ Remington, tí ó wà ní ìlú Ilion ní ìpínlẹ̀ New York, ni ó bá a du ọjà náà gidigidi ní àkókò ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865).

Bí a ṣe ń kì í kò jìnnà sí bí àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń kì ṣakabùlà. A ó da ẹ̀tù sínú ihò kọ̀ọ̀kan láti iwájú, a ó fi ọta òjé lé e, a ó sì fi ọ̀pá ìkì tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn tì í wọlé ṣinṣin. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi kápù, ìyẹn ife bàbà tín-ín-rín tí oògùn abúgbàù wà nínú rẹ̀, dé orí ọmú irin tí ó wà lẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Òòlù ìbọn ni ó ń lu kápù, iná rẹ̀ sì ń gba inú ọmú irin lọ bá ẹ̀tù.

Ìṣòro ìbọn yìí ni pé kíkì rẹ̀ máa ń pẹ́. Ọ̀rinlẹ̀ lè ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́, àfọ́kù kápù lè há sí ibi tí òòlù ti ń ṣiṣẹ́, iná sì lè fò láti ihò kan dé òmíràn. Kátíríìjì yanjú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìṣòro wọ̀nyí, nítorí pé ẹ̀tù, ọta àti oògùn abúgbàù wà pọ̀ nínú ìkarahun irin kan ṣoṣo.

Ìwé ẹ̀tọ́ Rollin White

Kì í ṣe àìmọ̀ ni kò jẹ́ kí Colt àti Remington tètè ṣe rìfọ́fà oníkátíríìjì. Òfin ni ó dí wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1855, Rollin White gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìbọn kan tí ihò àgbá rẹ̀ lu já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìbọn tí White fúnra rẹ̀ yà sínú ìwé náà kò wúlò, ṣùgbọ́n ihò tí ó lu já ni gbogbo kátíríìjì tí a ń kì láti ẹ̀yìn nílò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1856, Horace Smith àti Daniel Wesson bá a ṣe àdéhùn. Wọ́n ó máa san sẹ́ǹtì 25 fún un lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan, òun sì ni yóò máa fi owó ara rẹ̀ bá ẹnikẹ́ni tí ó bá rú ẹ̀tọ́ náà ṣẹjọ́. Ní ọdún 1857 ni Smith & Wesson gbé rìfọ́fà oníkátíríìjì wọn àkọ́kọ́ jáde.

Àdéhùn náà sọ Smith & Wesson di ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ White di ẹni tí kò kúrò ní kóòtù. Ní ọdún 1863, kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Massachusetts dá a láre lórí ẹjọ́ tí ó pe Ethan Allen, oníṣẹ́ ìbọn mìíràn. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Kóòtù Gíga Jù Lọ, àwọn adájọ́ pín sí méjì ọgbọọgba, ìdájọ́ ti ìsàlẹ̀ sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ náà parí ní oṣù kẹrin ọdún 1869. White bẹ ìjọba pé kí wọ́n fi ọdún kún un, nítorí pé ẹjọ́ ti jẹ púpọ̀ nínú èrè rẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbà, ṣùgbọ́n Ààrẹ Ulysses Grant kọ̀ láti buwọ́ lu àbá náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1870. Ọ̀gá ẹ̀ka ohun ìjà àwọn ọmọ ogun, Alexander Dyer, ti ṣàlàyé pé ẹ̀tọ́ náà fa ìnira fún ìjọba ní àkókò ogun, nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù lè ṣe irú ìbọn náà. Ìgbà yìí gan-an ni ilẹ̀kùn ìyípadà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Àwọn ìyípadà ilé iṣẹ́ Colt

Samuel Colt ti kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1862. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Hartford ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ìbọn ẹlẹ́tù nílẹ̀ nígbà tí ogun parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn tí wọ́n ti tà sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun àti àwọn ará ìlú. Ó sàn láti yí wọn padà ju kí wọ́n kó wọn dànù lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà tọ̀ léraléra.

Èkíní ni ti Alexander Thuer, tí ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1868, nígbà tí ẹ̀tọ́ White ṣì fìdí múlẹ̀. Thuer dọ́gbọ́n yẹra fún òfin. Ó ṣe kátíríìjì tí ìdí rẹ̀ tín-ín-rín ju orí rẹ̀ lọ, a sì ń kì í láti iwájú bí ìgbà tí a bá ń kì ìbọn ẹlẹ́tù. Òrùka irin kan wà lẹ́yìn àgbá tí ń gbé ìjẹ́ òòlù dé ìdí kátíríìjì. Ìbọn Thuer ṣeé dá padà sí ẹlẹ́tù nípa pípààrọ̀ àgbá, ṣùgbọ́n kátíríìjì rẹ̀ ṣòro láti rí, kò sì tà púpọ̀.

Èkejì ni ti Charles Richards, ti ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1871. Richards gé ẹ̀yìn àgbá àtijọ́ kúrò pẹ̀lú àwọn ọmú irin rẹ̀, ó lu ihò rẹ̀ já, ó sì fi àwo irin kan sí àlàfo tí ó ṣẹ́ kù. Lára àwo yìí ni ẹnu ọ̀nà kékeré tí a ń gbà kì kátíríìjì wà, òun náà ni ó sì gbé abẹ́rẹ́ tí ń gún ìdí kátíríìjì. Ọ̀pá ìkì kò wúlò mọ́, nítorí náà a fi ọ̀pá tín-ín-rín tí ń ti ìkarahun òfìfo jáde rọ́pò rẹ̀. Ìbọn Army ti ọdún 1860 ni wọ́n yí padà ní ọ̀nà yìí jù. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú wọn sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà.

Ẹ̀kẹta ni ti William Mason, ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1872. Ó mú ti Richards rọrùn. Ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lára àwo padà sí orí òòlù, ó sì tún ọ̀pá ìtìjáde ṣe. Àwọn akójọ-ìbọn-àtijọ́ máa ń pe irú èyí ní Richards-Mason. Mason yìí kan náà ni ó ṣe ìbọn Single Action Army ti ọdún 1873. Ìbọn yẹn jẹ́ oníkátíríìjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì mú kí ìyípadà di ohun tí kò pọn dandan mọ́.

Ìyípadà Remington

Remington kò dúró de ìparí ẹ̀tọ́ White. Ní ọdún 1868 ó gba àṣẹ lọ́wọ́ Smith & Wesson, ó sì ń sanwó fún wọn lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. Ó yí ìbọn Army rẹ̀ tí ó ju 4,000 lọ padà, ó sì fi àgbá oníhò márùn-ún rọ́pò ti oníhò mẹ́fà, nítorí pé ìdí kátíríìjì tí ó lò fẹ̀. Férémù Remington ní irin tí ó gba orí àgbá kọjá, àgbá rẹ̀ sì ń yọ ní ìrọ̀rùn láìtú ọ̀pá ìbọn. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti yí padà ju ti Colt lọ, èyí tí orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ọ̀pá àárín àti irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo sì so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Ìdí tí ọwọ́ fi ń ṣe é

Ilé iṣẹ́ Colt gbajúmọ̀ nítorí ìlò ẹ̀rọ, a sì máa ń kà á mọ́ àwọn aṣáájú nínú ṣíṣe ẹ̀yà tí ó ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbà náà kò lè gé irin débi tí fáìlì kò fi ní í sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ á gé ẹ̀yà kan kù díẹ̀, òṣìṣẹ́ á sì fi fáìlì mú un bá ìyókù mu kí wọ́n tó fi iná mú irin náà le. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà kan náà fi wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìbọn Colt kan. Nọ́ńbà náà ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀yà tí ó kúrò nínú iná padà sọ́dọ̀ àwọn tí a ti fi wọ́n dánra wò. Ẹ̀yà ìbọn kan lè wọ inú òmíràn, síbẹ̀ kí ó má ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ìbámu wọn ṣe pàtàkì jù nínú ìbọn tí a yí padà.

Àkọ́kọ́ ni ìyípo àgbá. Ẹ̀yà kékeré kan tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń pè ní ọwọ́ ni ó ń ti eyín tí ó wà lẹ́yìn àgbá, tí àgbá sì ń yí. Ẹ̀yà mìíràn á gbéra láti ìsàlẹ̀, á bọ́ sínú kòtò tí a gé sí ara àgbá, á sì dá a dúró. Bí àgbá tuntun bá dé, eyín rẹ̀ lè ga tàbí kí ó kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Bí ọwọ́ bá kúrú, àgbá kò ní í yí dé ibi tí ó yẹ, ihò kò sì ní í dojú kọ ọ̀pá. Nígbà náà, ọta á ha ara ẹnu ọ̀pá bí ó ṣe ń wọlé, ègé òjé á sì máa fò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọwọ́ bá gùn jù, àgbá á há, tàbí kí ó máa fi agbára lu ẹ̀yà tí ń dá a dúró títí tí ìyẹn yóò fi jẹ.

Èkejì ni àlàfo tí ó wà láàárín iwájú àgbá àti ẹ̀yìn ọ̀pá. Bí àlàfo yìí bá tóbi, ooru àti agbára ẹ̀tù á máa jò dànù. Bí kò bá sí rárá, èérí tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀ á di àgbá mú lẹ́yìn ìyìn díẹ̀. Nínú àwọn ìbọn irú Colt, bí ọ̀pá àárín ṣe jókòó sínú ihò rẹ̀ ni ó ń pinnu àlàfo náà. Bí ọ̀pá àárín kò bá kan ìdí ihò rẹ̀, àlàfo á máa yí padà gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe ti irin pẹlẹbẹ wọlé tó.

Ẹ̀kẹta ni àyè tí ó wà lẹ́yìn kátíríìjì. Nínú ìbọn ẹlẹ́tù kò sí ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ihò dí. Nínú èyí tí a yí padà, àwo irin ni ó ń gba ìdí kátíríìjì dúró. Bí àwo bá jìnnà jù, ìkarahun á sún sẹ́yìn nígbà ìyìn, ó sì lè ya. Bí ó bá sún mọ́ jù, ìdí kátíríìjì á máa fa ara rẹ̀, àgbá kò sì ní í yí.

Irin tí fáìlì bá ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà. Nítorí èyí, àṣà àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ni pé kí wọ́n fi èéfín fìtílà pa ẹ̀yà lára, kí wọ́n fi wọ inú ibi tí yóò jókòó, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì wo ibi tí èéfín ti ṣí. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ó fi fáìlì kàn, wọ́n ó sì tún un dánwò. Ìgbésẹ̀ yìí lè wáyé lọ́pọ̀ ìgbà lórí ẹ̀yà kan ṣoṣo.

Àwọn ìbọn ẹ̀dà

Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950, bí ọgọ́rùn-ún ọdún ogun abẹ́lé ṣe ń súnmọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí wá ìbọn àtijọ́ fún eré ìrántí àti ìdíje. Val Forgett, tí ó dá ilé iṣẹ́ Navy Arms sílẹ̀, wá àwọn oníṣẹ́ lọ sí agbègbè Brescia ní Ítálì, níbi tí iṣẹ́ ìbọn ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Aldo Uberti dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gardone Val Trompia ní ọdún 1959. Òun àti ilé iṣẹ́ Pietta ni ó ń ṣe púpọ̀ nínú rìfọ́fà ẹ̀dà tí ó wà ní ọjà àgbáyé. Nígbà tí ó yá, àwọn oníṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àgbá àti àwo ìyípadà fún àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí. Uberti náà sì ń ta ẹ̀dà tí ó jọ ti Richards-Mason, tí ó jẹ́ oníkátíríìjì láti ilé iṣẹ́.

Ìwọ̀n ìbọn ẹ̀dà máa ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, àti láti ọdún kan sí òmíràn. Nítorí náà, iṣẹ́ fáìlì tí ó wà ní Hartford ní 1871 kò parẹ́.

Ìwọ̀n ọta

Orúkọ tí a fún ìwọ̀n ìbọn ẹlẹ́tù máa ń ṣini lọ́nà. Ìbọn tí a ń pè ní .36 ń gba ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí íǹṣì 0.375. Ọta kátíríìjì .38 Special òde òní kò ju 0.357 lọ, nítorí náà kò fi gbogbo ara kan ọ̀pá náà. Àwọn ará àtijọ́ yanjú èyí nípa ṣíṣe ọta tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó ìta ìkarahun, tí ìdí rẹ̀ nìkan sì tín-ín-rín kí ó lè wọ inú ìkarahun. Èyí tí a ń pè ní .44 lára ẹ̀dà súnmọ́ 0.451, ó sì bá ọta .45 Colt mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ìdí kátíríìjì .45 Colt fẹ̀ débi pé mẹ́fà kò lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àgbá Remington. Àwọn oníṣẹ́ kan dín ihò kù sí márùn-ún, àwọn mìíràn sì dà ihò mẹ́fà náà síta díẹ̀ ní ẹ̀yìn.

Ewu

Kátíríìjì kò yí irin ìbọn padà. Ọ̀pá, férémù àti ọ̀pá àárín ṣì jẹ́ èyí tí a ṣe fún agbára ẹ̀tù dúdú. Ẹ̀tù aláìléèéfín, tí Paul Vieille ará Faransé ṣe ní ọdún 1884, lè ní agbára tí ó ju èyí tí wọ́n lè gbà lọ. Ibi tí kòtò ìdádúró wà lórí ihò ni irin àgbá ti tín-ín-rín jù, ibẹ̀ sì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Férémù idẹ rọ̀ ju ti irin lọ, nítorí náà àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà ìyípadà máa ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lò ó lára rẹ̀. Ìbọn tí ìyípo àgbá rẹ̀ kò bá pé lè dára lójú, kí ó sì ṣe ẹni tí ó dì í mú ní ìjàm̀bá.

Òfin

Ní Amẹ́ríkà, òfin ohun ìjà ti ọdún 1968 ka ìbọn ẹ̀dà tí kì í yin kátíríìjì sí ohun àtijọ́, kò sì sí lábẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìbọn. Bí a bá fi àgbá ìyípadà sí i, ààbò yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àwọn ìpínlẹ̀ sì tún ní òfin tiwọn. Ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn ìbọn mìíràn tí a ń kì láti ẹnu wà ní ìsọ̀rí ẹ̀kẹta, tí a lè gba ìwé àṣẹ fún. Ṣùgbọ́n rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn tí a kà léèwọ̀ ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní, títí kan ìbọn ìléwọ́ oníkápù. Nípa bẹ́ẹ̀, ní Nàìjíríà, ìyàtọ̀ láàárín ẹlẹ́tù àti oníkátíríìjì kò yọ rìfọ́fà kúrò nínú èèwọ̀.

Nínú sinimá

Àwọn fíìmù Ítálì nípa ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni ó mú kí ojú aráyé mọ ìbọn yìí. Nínú The Good, the Bad and the Ugly (1966), tí Sergio Leone darí, Clint Eastwood lo ẹ̀dà Navy ti 1851 tí a ti yí sí oníkátíríìjì. Inú ogun abẹ́lé ni ìtàn náà ti wáyé, ṣáájú kí Colt tó bẹ̀rẹ̀ ìyípadà rárá, nítorí náà ìbọn náà kò bá àkókò rẹ̀ mu. Nínú Pale Rider (1985), Eastwood tún lo Remington tí a yí padà, ó sì ń pààrọ̀ àgbá rẹ̀ lójú ìjà.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn

Ìgbà ìyípadà kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ afárá láàárín oríṣi ìbọn méjì. Ó fi hàn pé ìwé ẹ̀tọ́ kan lè dá ìmọ̀ ẹ̀rọ dúró fún ọdún mẹ́rìnlá. Ó tún fi hàn pé ọwọ́ oníṣẹ́ ṣì níṣẹ́ láti ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá parí tirẹ̀. Àwọn tí ń kó ìbọn àtijọ́ jọ ń wá àwọn ìyípadà gidi ti Colt àti Remington gan-an. Bí nọ́ńbà ara àgbá, férémù àti ọ̀pá ṣe bá ara wọn mu sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá ojúlówó mọ̀.